Dúró Ládípọ̀: Tíṣà tó gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì gbé Ṣàngó dé òkè òkun

Bí ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíràmà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí kì í yé fi pè wá. Wọ́n á ní ọmọ àwọn ti wọ SS3, ìwé eré ló kún inú báàgì ẹ̀, àwọn ò sì mọ ohun tó fẹ́ fi eré ṣe láyé. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń bi wá bóyá kò ní í dáa kí ọmọ náà jáwọ́ níbẹ̀, kó lọ ka nǹkan gidi.

A kì í bá òbí jà lórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n dípò ká máa jiyàn lọ́sẹ̀ yìí, a ní ká sọ ìtàn ọkùnrin kan tí kò lọ sí yunifásítì láti kọ́ṣẹ́ tíátà. Inú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìwé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti kú, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi Ṣàngó hàn lórí ìtàgé títí dòní, ojú iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n ṣì ń wò. Dúró Ládípọ̀ lorúkọ rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ pé kó dúró

Ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1931 ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ pé wọ́n bí i ní Òṣogbo. Joseph Oni Ládípọ̀ ni bàbá rẹ̀, Dorcas Àjíkẹ́ ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa, orúkọ ọmọ náà nìkan ti tó ìtàn fún un. Dúródọlá ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ti bí ọmọ ṣáájú rẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀hún ò dúró. Nígbà tí eléyìí wá dé, inú orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró jọlá. Ó dúró lóòótọ́.

Bàbá rẹ̀ ti gba ìgbàgbọ́, ó sì di òṣìṣẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ọmọ òun náà di oníwàásù. Àmọ́ ẹ̀yìn bàbá yìí, onílù ni bàbá bàbá rẹ̀, láti Ìlá Ọ̀ràngún ni ogun ti lé e, ìdílé tó ń bọ Ṣàngó àti Ọya ló sì ti wá. Ẹ ò rí nǹkan? Nínú ilé kan ṣoṣo, Bíbélì wà lórí tábìlì, ìlù wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọmọdé tó bá dàgbà sírú ilé bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ kan ṣáá, yóò bi ara rẹ̀ èwo ló ń jẹ́ tòun nínú méjèèjì. Àwọn kan á mú ọ̀kan, wọn á sọ èkejì nù. Dúró Ládípọ̀ ò sọ èyíkéyìí nù, ohun tó sì dá wàhálà sílẹ̀ fún un lẹ́yìn náà nìyẹn.

Ọ̀tan Ayégbajú ló ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀, lọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ, tó ń kàwé tó sì ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ eléré. Bí eégún bá jáde nílùú, tàbí tí ọdún òrìṣà kan bá ń lọ lọ́wọ́, ojú rẹ̀ á wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé ìjọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Bí wọ́n ṣe ń kí oríkì, bí onílù ṣe ń fi ìlù pe èèyàn lórúkọ, bí elégùn ṣe ń fẹsẹ̀ ijó, gbogbo rẹ̀ ló ń fojú kó pamọ́. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìdánwò lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ṣe nóòtì fún un.

Tíṣà ní Iléṣà, tíṣà ní Kàdúná

Iṣẹ́ olùkọ́ ló yàn láàyò. Ó kọ́ni ní Iléṣà, níbi tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀, lẹ́yìn náà ló gba òkè Ọya lọ, ó lọ ń kọ́ni nílé ìwé ìjọ kan ní Kàdúná. Kàdúná yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eré nílé ìwé ti kàn wá gan-an.

Nígbà náà, eré Shakespeare ló wọ́pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń kà nílé ìwé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á kà á fún àwọn ọmọ, wọ́n á túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó le, ó parí. Dúró Ládípọ̀ ní tirẹ̀ mú eré Shakespeare tí wọ́n ń pè ní As You Like It, ó tún un ṣe lọ́nà ti ara rẹ̀, ó sì kó àwọn ọmọ ilé ìwé jọ láti ṣe é. Ẹni tó bá ti ka eré náà á rántí pé ìtàn ìjòyè ńlá kan ni, tí àbúrò rẹ̀ gba ipò mọ́ lọ́wọ́, tó wá sá lọ máa gbé inú igbó. Ọ̀rọ̀ ààfin, ọ̀tẹ̀, àti olórí tó fi ìlú sílẹ̀ wọ inú igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. A máa tó padà bá a, torí nígbà tí ọkùnrin yìí wá kọ eré tirẹ̀, ọba tó bọ́ sí ìgbẹ́ látinú ààfin ló tún fi ṣe é.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kíka ìwé eré nílé ìwé ò sọ ọ́ di òyìnbó. Ńṣe ló jẹ́ kó mọ bí wọ́n ṣe ń kó ìtàn jọ sórí ìtàgé. Ìgbà tó mọ̀ ọ́n tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé ìtàn tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá òun náà ò kéré sí ti ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe òun nìkan ni tíṣà tó di eléré láyé ìgbà náà. Hubert Ògúndé ti ṣe tíṣà rí kó tó lọ ṣe ọlọ́pàá, kó tó wá di pé tíátà gbà á pátápátá. Kọ́lá Ògúnmọ́lá náà ṣe tíṣà. Ilé ìwé àti ilé ìjọ ni ilé ìkọ́ṣẹ́ tíátà Yorùbá nígbà yẹn, ká má purọ́.

Ìlù tí ìjọ ò gbà

Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ló padà sí Òṣogbo, ó ń ṣe tíṣà, ó sì ṣí ilé ọtí kan tó pè ní Popular Bar. Ó tún ń kọ orin fún ìjọ. Lọ́dún 1961, ó ṣe àkójọ orin Àjíǹde fún ìjọ All Saints ní Òṣogbo, ó sì gbé ìlù dùndún wọ inú rẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá gbọ́ èyí lè máa wò ó pé kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣebí ìlù ń dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, tí àlùfáà fúnra rẹ̀ ń jó sí i. Àmọ́ lọ́dún 1961, ojú tí àwọn àgbà ìjọ fi ń wo ìlù yàtọ̀. Lójú tiwọn, ìlù ló ń pe òrìṣà, ohun tí àwọn bàbá wọn kọ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbàgbọ́ ni. Bí ìlù bá wá tún wọlé, àfi bí ẹni pé wọ́n gbé ohun tí wọ́n ti jù sí ààtàn padà wá sórí pẹpẹ. Wọn ò gbà á. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ wáyé mọ́.

Ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Tíṣà ni, ọmọ ilé ìjọ ni, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ Olúwa. Ohun tó rọrùn jù ni kó bẹ̀bẹ̀, kó gbé ìlù jù sílẹ̀, kó máa gba owó oṣù rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tíṣà lówó oṣù, tíátà ò ní. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé orin náà jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó ń gbé Òṣogbo nígbà náà, tó sì fẹ́ràn àṣà Yorùbá gan-an, dúró tì í. Wọ́n mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé àtàwọn ayàwòrán ti ń pàdé. Ìgbà tó rí bí ibẹ̀ ṣe rí ni ìfẹ́ wọ̀ ọ́ pé kí irú rẹ̀ wà ní Òṣogbo náà.

Mbárí Mbáyọ̀

Bó ṣe di pé ní oṣù Kẹta, ọdún 1962, Popular Bar di gbọ̀ngàn eré nìyẹn. Mbari tí wọ́n ń pè é ní Ìbàdàn, èdè Ìgbò ni. Àwọn ará Òṣogbo ò bá ìyẹn lọ. Wọ́n fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀, bí ìgbà téèyàn ń sọ pé bóun bá rí i, òun á yọ̀. Orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Ọba Mórò ni eré tí wọ́n fi ṣí i. Ìtàn Aláàfin Abípa ni, ọba tó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà sí Ọ̀yọ́ Ilé láti Ìgbòho. Àwọn ìjòyè ò fẹ́ lọ, ni wọ́n bá kó àwọn èèyàn ránṣẹ́ sínú ahoro pé kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba gbọ́n jù wọ́n lọ, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn iwin náà wá.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1963, ló gbé Ọba Kò So jáde. Èyí ni eré tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ṣàngó wà lórí oyè ní Ọ̀yọ́, àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà, lágbára débi tí ọkàn ìlú ò balẹ̀. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ló dọ́gbọ́n kí àwọn méjèèjì lè kojú ara wọn, torí ó rò pé ọ̀kan á pa èkejì. Gbọ̀nńkáà ṣẹ́gun, ó wá kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ìlú pa Ṣàngó tì, ó jáde nínú ààfin, ó bọ́ sínú igbó. Ẹ rántí Kàdúná?

Dúró Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó. Ó dirun, ó wọ aṣọ pupa, iná ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, ló di Ọya tí gbogbo ayé mọ̀. Léré Pàímọ́ tí ẹ mọ̀ sí Ẹ̀dá Onílé Ọlá ló ṣe Gbọ̀nńkáà. Nígbà tí Tìmì àti Gbọ̀nńkáà bá ń fi ọfọ̀ kojú ara wọn, òǹwòran á dákẹ́ lọ gbári, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ni wọ́n ń gbọ́. Oríkì gidi, ọfọ̀, ìjálá, ìlù bàtá tó mọ ohun tó ń sọ, gbogbo rẹ̀ ló ti lọ kọ́ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Ibi tó ti yàtọ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nìyẹn. Orin ìjọ ni ọ̀pọ̀ eré wọn ti yọ, òun wá gbé ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá wa wọ inú rẹ̀ bó ṣe wà gan-an.

Mbárí Mbáyọ̀ ò mọ sórí eré nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá a ṣeré, tó ń bá a gbé ẹrù, tó ń bá a tan iná, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́ ọnà láàárín ọdún 1962 sí 1964. Jimoh Buraimoh tó ń mójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ náà di gbajúgbajà ayàwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́. Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì, Twins Seven-Seven, gbogbo wọn ló kọjá lábẹ́ òrùlé yẹn. Iṣẹ́ wọn sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí káàkiri àgbáyé. Ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé púpọ̀. Ẹni tó fún wọn láyè ni wọ́n rí.

Jámánì, Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà

Lọ́dún 1964, ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí ayẹyẹ tíátà ní Berlin. Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é fún àwọn ará Jámánì, àwọn yẹn sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lọ́dún 1965, wọ́n wà níbi ayẹyẹ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di 1975, Amẹ́ríkà ni wọ́n rìn já. Ìlù tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dún ní Òṣogbo ló wá ń dún lókè òkun yìí o.

Ó tún kọ Ọba Wàjà lọ́dún 1964. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1945 ni, nígbà tí òyìnbó aláṣẹ dí Ẹlẹ́ṣin ọba lọ́wọ́ pé kó má bá ọba kú. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń ka Death and the King's Horseman ti Wọlé Ṣóyínká, tó jáde lọ́dún 1975, ìtàn kan náà ni. Ẹ kó méjèèjì jọ, kí ẹ wo bí òǹkọ̀wé méjì ṣe lè mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n sì gbà á yọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, kò sí ìbéèrè ìdánwò tó máa dẹ́rù bà yín.

Ó kọ Mọrèmi, ó sì ṣe Ẹ̀dá. Ó bá yunifásítì Ìbàdàn ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tẹ Ọba Kò So jáde ní ìwé lọ́dún 1972, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Tíṣà tí kò lọ sí yunifásítì wá di ẹni tí yunifásítì ń kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á tún rántí Bódé Wáásinmi tó ń ṣe lórí tẹlifíṣàn Ìbàdàn.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 1978, ló dágbére fáyé. Bí ọdún ìbí tó wọ́pọ̀ nínú ìwé bá jẹ́ òótọ́, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé àrá sán nígbà ikú rẹ̀, pé Ṣàngó ló wá mú ẹni rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kó gbà á gbọ́. Èyí tó dájú ni pé ìyàwó rẹ̀ Abíọ́dún ò jẹ́ kí eré náà kú. Ó bá a lọ ní ṣíṣe, ó sì kọ́ àwọn ọmọ tí wọn ò bá Dúró láyé.

Kí lèyí kan ọmọ tó wà ní SS3?

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíràmà, bí a ṣe ń ka eré ni pé olùkọ́ wa á jókòó, á máa pe nóòtì, àwa á máa kọ ọ́: àwọn ẹ̀dá ìtàn, kókó ọ̀rọ̀, ìlò èdè. Ọdún kan gbáko, a ò ṣí ẹnu ka ìwé náà sókè rí. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé eré ni, mo rò pé ẹ̀yà ìtàn ni. Àfìgbà tí àgùnbánirọ̀ kan dé, tó ní ká ti gbogbo àga sẹ́yìn, tó pín ipa fún wa. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tí kì í sọ̀rọ̀ rárá, tí a rò pé kò gbọ́n. Ìyá ọba ni wọ́n fún un. Ọjọ́ tó la ẹnu ni gbogbo wa dákẹ́. Mi ò lè sọ fún yín pé ó di òṣèré, nọ́ọ̀sì ló dà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fojú òmùgọ̀ wò ó, òun náà ò sì fojú bẹ́ẹ̀ wo ara rẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ń ka ìròyìn fún yín lónìí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá tó kún fún èèyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń ka eré ló máa di Dúró Ládípọ̀, a ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tá à ń sọ ni pé ẹ má fojú ìwé rírà nìkan wo ìwé tó wà nínú báàgì ẹ̀. Ẹ ní kó kà á sókè fún yín ní alẹ́, kí ẹ̀yin náà gba ipa kan níbẹ̀. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ oríkì ìdílé yín lẹ́nu wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, a mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, owó ò tó, àwọn ọmọ sì kún kíláàsì bí eéṣú. Ẹ̀ẹ̀kan péré láàárín sáà, ẹ ti àga sẹ́yìn. Ọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí ò ní ju kíláàsì kan àtàwọn ọmọ ilé ìwé lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná.

Àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Òun náà ló wá bá àwọn ìtàn wa dúró nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tijú wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ tiwa ni wọ́n á ti bọ́ sọnù.